Wọ́n fẹ́ ra awò AR fún ilé-ẹ̀kọ́ wa láti fi kọ́ ọmọ ní Ìtàn: ṣé Ọ̀yọ́-Ilé ni kí n kó wọn lọ ni, àbí Ifẹ̀?

Tísà_Ìtàn · Ọjọ́ Àìkú, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 àti SS2 ní ilé-ẹ̀kọ́ kan n'Ìbàdàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tó wà lókè òkun pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn fẹ́ ra awò AR márùn-ún ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ rò ó bí awò dúdú tí àwọn wẹ́dà máa ń dé sójú, àmọ́ ẹni tó dé e ṣì ń rí iwájú rẹ̀. Ó ń rí ilẹ̀ tó dúró lé, ó ń rí igi tó wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá yà á wá dúró sáàárín wọn bí ohun gidi, èèyàn á lè rìn yí i ká. Wọ́n ní kí n kó àwọn ọmọ lọ síbi ìtàn kan, kí wọ́n fi awò yìí rí ibẹ̀ bó ṣe wà láyé àwọn baba wa.

Inú mi dùn, àyà mi sì tún ń já. Ẹ rántí pé láti 2009 ni wọ́n ti yọ Ìtàn kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS, ó sì di 2022 kí ìjọba àpapọ̀ tó kéde pé ó ti padà. Àwọn ogójì ọmọ tó wà níwájú mi báyìí, ọ̀pọ̀ wọn kò kọ́ ọ rí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo bi wọ́n pé níbo ni Ọ̀yọ́-Ilé wà. Ọmọ kan nawọ́, ó ní, "Nítòsí Awẹ́ ni, mà." Ọ̀yọ́ ti òde òní ló ní lọ́kàn. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé nǹkan yìí á kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, àbí ìran lásán la fẹ́ lọ wò?

Kòlà_Yábàá · Ọjọ́ Àìkú, 8:51 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí tó kan owó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ra HoloLens 2, awò AR ti Microsoft, fún yín. Dọ́là 3,500 ni wọ́n tà á nígbà tó jáde, Microsoft sì ti kéde ní 2024 pé àwọn ò ṣe é mọ́. Tó bá bàjẹ́, ó di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fúnra rẹ̀. Quest 3, awò ti Meta, tó jáde ní 2023 ní dọ́là 499 á ṣe iṣẹ́ yín. Gíláàsì tó mọ́ gaara kọ́ ló wà níwájú èyí o, kámẹ́rà ló ń ya iwájú yín tó sì ń gbé e sójú yín lójú ẹsẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti oòrùn dáadáa. Ẹ rántí gíláàsì tá a máa ń gbé sínú oòrùn fi jó bébà nígbà tá a wà lọ́mọdé? Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́ńsì inú awò yìí rí. Tí ọmọ kan bá bọ́ ọ, tó dojú inú rẹ̀ kọ òkè lọ́sàn-án gangan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó kí ojú rẹ̀ jó. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, mo mọ iye tó ná mi. Bátìrì rẹ̀ kì í ju bíi wákàtí méjì lọ. Àti pé ohun tí kò mì ni ẹ̀rọ náà fi ń mọ ibi tó wà: ògiri, àpáta, igun ilé. Ẹ gbé e wọ inú koríko gíga tí atẹ́gùn ń fẹ́, àwòrán yín á máa sáré kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò pọn dandan. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú awò láti ilé.

Èyí tó kù ló le jù: ta ló máa ya àwòrán? Owó awò kò tó nǹkan. Iṣẹ́ yíya ló ń gbọ́n àpò ènìyàn gbẹ.

Ìyá_Ìbejì · Ọjọ́ Àìkú, 9:02 alẹ́

Ogójì ọmọ, awò márùn-ún, ojú kan náà. Ẹ ti gbọ́ orúkọ tó ń jẹ́ àpólò rí ṣá? Ọ̀kan á gbé e wá láti ilé, kó tó di ọjọ́ Ẹtì gbogbo kíláàsì á ti máa wo ara wọn pẹ̀lú ojú pípọ́n.

Àti irun. Okùn awò yẹn, orí òyìnbó ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ọmọbìnrin tó bá di ṣùkú ńkọ́? Èyí tó wé hìjáàbù ńkọ́?

Tísà_Ìtàn · Ọjọ́ Àìkú, 9:10 alẹ́

Ẹ ṣeun, mà. Ti àpólò yẹn, mi ò tiẹ̀ rò ó kàn án. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Akin_Róòmù · Ọjọ́ Àìkú, 10:37 alẹ́

Àǹtí tísà, èmi ti dé irú rẹ̀ rí níbí. Pẹpẹ kan wà ní Róòmù tí wọ́n ń pè ní Ara Pacis, pẹpẹ àlàáfíà tí wọ́n yà sí mímọ́ láyé Késárì Augustus, ní ọdún 9 ṣáájú ìbí Kristi. Òkúta mábù ni, ó funfun báláú. Ní 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àlejò ní awò, fóònù Samsung ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Mo dé e. Àfi bí ẹni tó da aró lé òkúta yẹn lórí! Ara ògiri di àwọ̀ búlúù, aṣọ àwọn èèyàn tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ di pupa àti wúrà, ewé di àwọ̀ ewé. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbé níbí, mo ti rò pé funfun làwọn ará ijọ́un fẹ́ràn. Oòrùn àti òjò ló bó àwọ̀ wọn lọ.

Ìdí tó fi wọ̀ mí lára ni pé pẹpẹ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo bọ́ awò, mo rí òkúta. Mo dé e padà, mo rí àwọ̀. Ẹ̀rọ kò mú nǹkan tó wà níbẹ̀ kúrò, ó kàn kún un ni. Àmọ́ ìbéèrè kan bá mi délé: pupa yẹn, ṣé wọ́n rí àmì rẹ̀ lára òkúta ni, àbí wọ́n fi ọgbọ́n wò ó lára òmíràn? Nígbà tí mo lọ kà nípa rẹ̀ ni mo mọ̀ pé ti òótọ́ wà níbẹ̀, ti àbá náà wà níbẹ̀. Lójú awò, bákan náà ni wọ́n rí.

Ó tún kù: nígbà náà, wọn kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ẹ fi ti JSS1 sílẹ̀ ná.

Ọmọ_Ifẹ̀_Oòyè · Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni mo máa ń mú àlejò káàkiri nílẹ̀ yìí, ẹ ò sì ní bá mi jà tí mo bá ní Ifẹ̀ ni kí ẹ wá.

Ẹ gbọ́ ìdí. Ní 1938, àwọn tó ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin níbẹ̀, wọ́n gbẹ́lẹ̀ gbẹ́lẹ̀, irin dún lórí irin. Orí idẹ ni. Wọ́n tún wà á, òmíràn tún jáde, títí ó fi lé ní mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú wọn ti wà ní British Museum láti 1939. Tí àlejò bá dé ibẹ̀ lónìí, kí ló ń rí? Ilé, aṣọ tí wọ́n sá, adìyẹ. Mo máa ń dúró níbẹ̀, máa na ọwọ́, máa ní "Ibí yìí ni," wọ́n á máa wo ọwọ́ mi. Ká ní awò wà tó lè dá àwọn orí yẹn padà sínú kòtò tí wọ́n ti jáde, kódà fún ìṣẹ́jú méjì péré!

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ta ko ara mi kí ẹlòmíràn tó ta kò mí. Èèyàn ló ń gbé ní Wúnmọníjẹ̀. Ẹ ò lè kó ogójì ọmọ tó dé awò wọnú agbo-ilé onílé bí ẹni ń wọ ọjà. Onílé ń fọ aṣọ, kámẹ́rà ẹni tí kò mọ̀ rí ń wò ó. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí baálé.

Àwọn orí yẹn tún ní ihò wẹ́wẹ́ yí ẹnu ká, òmíràn ní i ní ìlà irun. Ẹlòmíràn ní ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ọn, ẹlòmíràn ní irùngbọ̀n, ẹlòmíràn ní aṣọ tó bo ẹnu. Ẹni tó bá ya ìlẹ̀kẹ̀ sí i lójú awò ti dá ẹjọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì dá.

Tí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà rárá, ẹ wá wo ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Wọ́n to àpáàdì náà ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè, ó tẹ̀lé ara bí egungun ẹja. Ìtàn ní láyé Lúwo ni, Ọọ̀ni obìnrin, tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ kò mì, Kòlà, kò sí koríko.

Jágunmólú · Ọjọ́ Ajé, 7:45 àárọ̀

Ẹ gbowó yẹn fi ra àga àti ìwé. Ó tán.

Tísà_Ìtàn · Ọjọ́ Ajé, 2:30 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Jágunmólú, mo ti béèrè àga. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ti ọdún 1994 ló ń ṣe ti àga. Ẹni tó ní òun á fún mi ní ẹ̀bà, mi ò lè sọ pé ìrẹsì ló wù mí.

Bàbá_Ìgbòho · Ọjọ́ Ajé, 5:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, tí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni ẹ bá wí.

Mo bá àwọn tó ń ṣọ́ igbó ọba ilẹ̀ yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì ti mú àlejò dé Ọ̀yọ́-Ilé ju iye tí mo lè kà lọ. Ó ju 100 kìlómítà lọ sí Ọ̀yọ́ tí ẹ mọ̀ lónìí, ní ìhà àríwá. Nǹkan bí 1835 ni ìlú náà tú, lẹ́yìn tí Aláàfin Olúewu kú sójú ogun Eléduwẹ̀. Àtìbà ló tẹ Ọ̀yọ́ ti ìsinsìnyí dó ní Àgọ́-Ọjà. Láti ìgbà náà, igbó ló ń ṣe onílé.

Àlejò á rìn, á rìn, á làágùn, á ti lé kòkòrò títí, á wá dúró, á bi mí pé, "Bàbá, ìgbà wo la máa débẹ̀?" Máa ní, "O ti wà nínú rẹ̀ láti ààbọ̀ wákàtí." Òkìtì tó gùn lọ bí ẹ̀yìn ejò ńlá yẹn, odi ìlú ni. Igi oṣè tó dá dúró yẹn, ẹnì kan ló gbìn ín. Àpáta yẹn tó ní kòtò róbótó róbótó lórí, ọlọ àwọn obìnrin ni. Mo máa ń ní kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ ń dán, ó tutù. Èèyàn mélòó ni yóò lọ nǹkan níbẹ̀ kí òkúta tó jẹ báyẹn? Obìnrin kan láti Brazil ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi padà dé inú ọkọ̀.

Mo sọ èyí nítorí pé mi ò tíì mọ ibi tí mo dúró sí lórí awò yín. Òkìtì yẹn kì í sọ nǹkan kan fún ọmọdé, mo mọ̀. Àmọ́ tí ẹ bá dé nǹkan sójú rẹ̀, ṣé á tún wo ilẹ̀?

Tí ẹ bá máa lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ààbò ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Kì í ṣe ibi tí ẹ kàn ń gbéra lọ ní Sátidé.

Awalẹ̀wádìí · Ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Kíkọ́ nípa ohun tó wà nínú ilẹ̀ ni mò ń ṣe ní fásitì, ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹ gbọ́, a kò wà nínú òkùnkùn biribiri nípa Ọ̀yọ́-Ilé. Clapperton, ará Scotland, dé ibẹ̀ ní January 1826, ìlú ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà náà, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Odi amọ̀ tó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20, yàrà gbígbẹ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu odi mẹ́wàá, igbó kìjikìji tó yí gbogbo rẹ̀ po. Ó fojú wọn àyíká rẹ̀ sí máìlì 15, ìyẹn bíi kìlómítà 24. Ó tún kọ nípa òpó ààfin àti ti ilé àwọn ìjòyè: wọ́n gbẹ́ òjòlá tó ń pa ẹtu sí i, wọ́n gbẹ́ ọ̀wọ́ jagunjagun pẹ̀lú àwọn onílù wọn. Láti ìgbà náà àwọn awalẹ̀ ti rìn lórí òkìtì tí Bàbá ń sọ, wọ́n ti yà á sórí máàpù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Agbájé-Williams fi ìlú náà ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Fásitì Ìbàdàn ní 1983.

Nítorí náà, oríṣi mẹ́ta ni ohun tá a ní, wọn kò sì wọ̀n bákan náà. Òkìtì wà, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òpó kò sí mọ́, àmọ́ ojú ẹnì kan rí i. Bí ẹnu odi ṣe rí gan-an, ìlẹ̀kùn rẹ̀, òrùlé rẹ̀, àbá ni. Ohun tí mo ń bẹ̀ Kòlà ni pé kó má ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọ̀ kan náà. Kí ohun tó wà nínú ilẹ̀ ní àwọ̀ amọ̀ kíkún. Kí ohun tí ẹlẹ́rìí sọ rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni wò ó láti inú èéfín. Kí àbá jẹ́ ìlà lásán, bí èyí tí ọmọdé fi igi fà sílẹ̀. Ọmọ tó bá dé awò á ti mọ ibi tí ìmọ̀ wa dúró sí kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Èrò mi kọ́ o. Àdéhùn kan wà tí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya ohun àtijọ́ jọ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n tún un kọ ní 2009, ohun tó ń béèrè nìyẹn: kí ẹni tó ń wò mọ èyí tó dájú yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n méfò.

Akin_Róòmù · Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Ìlà lásán fún àbá! Ohun tí mò ń wá nìyẹn látàná.

Ṣàngódíran · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:40 òru

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, ẹ má bínú sí aago. Ṣé ẹ fẹ́ ya Aláàfin náà ni? Ojú ta lẹ fẹ́ fún un? Mo ti rí èyí tí àwọn kan yà fún eré kọ̀ǹpútà, àfi bí ọmọkùnrin tó ń polówó ọtí. Inú mi kò dùn sí i rárá.

Awalẹ̀wádìí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:55 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, adé ti bá wa yanjú ìyẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ bo ojú ọba. Ẹ yà á bó ṣe yẹ kí aráàlú rí i, ojú ò sí níbẹ̀ láti yà.

Ṣàngódíran · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:01 àárọ̀

Ó ti bọ́ sí i. Mo gbà.

Ọmọ_Àgbádárìgì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ẹ̀yin ń sọ ti odi àti adé, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n fi ń de ẹrú. Ẹnì kan gbé irú nǹkan báyìí wá bá wa rí, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ dé awò, kí wọ́n bá ara wọn nínú ọkọ̀ ẹrú, kí wọ́n wo apá òsì, apá ọ̀tún, kí wọ́n máa rí èèyàn nínú ìdè. Mo ní rárá. Ní mùsíọ́mù ẹbí Mobee níbí, ẹ̀wọ̀n gidi wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ọ̀kan, apá mi rọ sílẹ̀, nítorí ojú mi ti tàn mí jẹ, mi ò rò pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ipata rẹ̀ kù sí mi lọ́wọ́. Awò kò lè fún ọmọ ní ìwúwo yẹn. Ohun tó lè fún un ni eré, àwọn ọmọkùnrin á sì máa rẹ́rìn-ín, kì í ṣe torí pé wọ́n burú, ọmọdé ni wọ́n.

Ẹ fi Àgbádárìgì sílẹ̀ ní ti awò. Ẹ kó wọn wá lójú lásán, ká wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹ̀rẹ́fù, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ, ká rìn lórí iyanrìn títí a ó fi rí òkun.

Ìyá_Ìbejì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:22 ọ̀sán

Ìwọ tí o kọ ọ̀rọ̀ yìí, Ọlọ́run á bù kún ẹ.

Dẹ̀jọ_NewJersey · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àná ni: ní 1999, àwọn ará Fásitì Columbia ní New York ti ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé kọ̀ǹpútà pọ̀n sẹ́yìn, á dé awò, á rí ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ tó wà lórí ilẹ̀ fásitì náà kí wọ́n tó wó o. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Olympia ní Gíríìsì lẹ́yìn ìgbà náà, láti tún tẹ́ńpìlì tó ti wó gbé dìde. Ẹrù yẹn wúwo ju ti aláàárù lọ. Ẹ̀rọ ti fúyẹ́ báyìí, ìbéèrè yín ni kò tíì yí padà.

Kòlà_Yábàá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:33 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ohùn ńkọ́? Ta ló máa sọ ìtàn náà létí ọmọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ká lo ohùn ẹ̀rọ. Mo dán ọ̀kan wò lánàá. Mo kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú àmì, "Ogun dé." Ẹ̀rọ náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ kéde pé, "Ogún dé." Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó tì mí gbójú sókè, ó ní, "Ta ló kú?"

Ọmọ_Ifẹ̀_Oòyè · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 alẹ́

Hahaha! Wọ́n ti fẹ́ pín dúkìá.

Awalẹ̀wádìí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:12 alẹ́

Ohùn wà nínú ìjíròrò yìí tẹ́lẹ̀. Ẹ tún lọ ka ohun tí Bàbá Ìgbòho kọ nípa ọlọ. Ṣé ẹ ò gbọ́ ohùn níbẹ̀?

Tísà_Ìtàn · Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́

Ẹ kú ìgbà díẹ̀. Mo ní ìròyìn, ó gùn, ẹ fara dà á.

A kò tíì lọ ibì kankan. Kòlà wá láti Èkó pẹ̀lú awò méjì tirẹ̀ (Ọlọ́run á san án fún un, kò gba kọ́bọ̀), a sì dán an wò ní pápá bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọlẹ̀. Ó ya ìwọ̀nba odi Ọ̀yọ́-Ilé, kò ju mítà 30 lọ, pẹ̀lú ẹnu odi kan àti òpó méjì, ní àwọ̀ mẹ́ta tí Awalẹ̀wádìí sọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta la fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, méjì fún nínu awò pẹ̀lú òwú àti oògùn apakòkòrò. Ọmọ mẹ́rìndínlógún péré ni mo mú. Ìyá Ìbejì, kò sí ẹni tójú rẹ̀ pọ́n. Ti ṣùkú ni kò lọ, a fi ọ̀já so ó mọ́ ọn lórí.

Ọmọ àkọ́kọ́ gbójú sókè, ó sún sẹ́yìn. Odi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí kíláàsì wa wà. Ó na ọwọ́ kó fọwọ́ kàn án, ó gbá ẹnì kejì rẹ̀ létí. Ẹ̀rín sọ, mo rò pé ibi tó máa parí sí nìyẹn.

Ibi tí mi ò fọkàn sí ni ọ̀rọ̀ ti wá. Ẹnu odi tí Kòlà fi ìlà lásán yà, òun ni wọ́n jiyàn lé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí wọ́n ti bọ́ awò. Kí ló dé tí kò fi parí rẹ̀? Mo ní torí a kò mọ bó ṣe rí ni. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, mà? Rárá?" Ọ̀kan ní ó gbọ́dọ̀ dín kí ẹlẹ́ṣin méjì má lè wọlé pọ̀. Òmíràn ní ẹrù ọjà ńkọ́, ọ̀nà tóóró á dá ọjà dúró. Ẹnì kan ní oníbodè gbọ́dọ̀ níbi tó máa jókòó sí gbowó. Wọ́n gba bíírò, wọ́n ń yà á sẹ́yìn ìwé. Odi tá a yà ní kíkún, tó lẹ́wà jù, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àfi ọmọbìnrin kan. Kì í sábà sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ti ń lọ, ó dúró, ó ní, "Mà, pẹ̀lú odi tó ga báyìí, báwo ni ìlú ṣe tú?" Mo sọ díẹ̀ fún un nípa Àfọ̀njá àti Ìlọrin, àti bí àwọn ìjòyè àti ọba ò ṣe gbọ́ ara wọn yé mọ́, pé odi kò mọ ẹni tó ń ti inú jáde. Mo mọ̀ pé ìdáhùn mi kò tó. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lódindi sílẹ̀ fún un.

Ìpinnu mi nìyí. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ la ó ti máa lo awò. Ibi ìtàn la ó lọ láìdé e, Ifẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, torí ó sún mọ́ wa, kí wọ́n wá wo àpáàdì. Ọ̀yọ́-Ilé á dúró dìgbà tí wọ́n bá sọ fún wa pé ọ̀nà dára.

Jágunmólú · Ọjọ́rú, 9:58 alẹ́

Tó bá jẹ́ pápá bọ́ọ̀lù lẹ máa ti lò ó, kí ni ibi ìtàn wá fẹ́ fi ṣe?

Ọmọ_Ifẹ̀_Oòyè · Ọjọ́rú, 10:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá tẹ àpáàdì yẹn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín, ẹ wá bi mí lẹ́yìn náà. Tísà, ẹ pè mí kí ẹ tó bọ̀, máa bá yín rí baálé Wúnmọníjẹ̀ náà. Láìsí awò, wọ́n á gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀.

Tísà_Ìtàn · Ọjọ́rú, 10:11 alẹ́

Bàbá Ìgbòho, tí ọmọ ọmọ yín bá ń ka èyí: a fẹ́ wá gba ohùn yín sílẹ̀, ti ọlọ, ti igi oṣè, ti òkìtì, bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún àlejò gan-an. Èmi àti Kòlà la máa wá. Ọjọ́ wo ló rọ̀ yín lọ́rùn, sà?

Bàbá_Ìgbòho · Ọjọ́bọ̀, 6:30 àárọ̀

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ dára. Ẹ tètè gbéra, ẹ pè mí tí ẹ bá ti kọjá Ìsẹ́yìn. Àmàlà máa wà nílẹ̀.

Ẹ bá mi mú awò kan dání. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rìn lórí odi yẹn, èmi náà fẹ́ mọ bó ṣe ga tó.